Háà! Ẹ Wá Wo Ohun Tí Wọ́n Ń Ṣe Ní CocoCay

Wọ́n ní kí èèyàn má máa sọ̀rọ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí diákónẹ́ẹ̀sì tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀kọ́ Bíbélì láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi jí ní ìdájí nínú ọkọ̀ òkun, kí ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, kí ó sáré bọ́ sílẹ̀, kí ó sì gba àga mẹ́jọ sílẹ̀ ní etíkun fún àwọn tó ṣì ń hanrun nínú yàrá wọn, ṣé kí n gbé ìyẹn mì ni? Kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Ó tẹ́ aṣọ ìnura sórí àga mẹ́rin. Ó fi sílípáàsì sórí méjì. Fìlà ọkọ rẹ̀ gba ìkeje. Lórí ìkẹjọ, ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé ìfọkànsìn ojoojúmọ́ ló gbé síbẹ̀, ó ṣí i sílẹ̀ kalẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé ẹni tó ń kà á ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga náà. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ìwé náà, ó mirí, ó bá tirẹ̀ lọ.

CocoCay ni wọ́n ti ṣe é, ní orílẹ̀-èdè Bahamas. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Atlanta tàbí Houston á ti máa gbọ́ orúkọ náà, nítorí àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ti ń fi ọkọ̀ òkun onífàájì rọ́pò gbọ̀ngàn àríyá. Ẹni tó bá pé àádọ́ta ọdún báyìí, Miami ló ń kó ọ̀rẹ́ lọ. Aṣọ ẹbí á wà, fìlà á wà, wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á sì lọ lo odindi ọjọ́ kan ní etíkun tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Erékùṣù kékeré ni CocoCay, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Berry Islands. Little Stirrup Cay ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Royal Caribbean ló ń lò ó. Wọ́n ná 250 mílíọ̀nù dọ́là sórí rẹ̀, wọ́n sì ṣí i lákọ̀tun ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Kò sí abúlé níbẹ̀, kò sí ilé ìwé, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí baálẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá sí i.

Bí ọjọ́ náà ṣe máa ń lọ nìyí, fún ẹni tí kò tíì débẹ̀. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ láàárọ̀, nǹkan bí aago méje sí mẹ́jọ. Ọkọ̀ méjì ló lè gúnlẹ̀ sí èbúté náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ Icon of the Seas nìkan, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024, lè kó èrò tó ju 7,000 lọ. Ẹ bá mi ro iye ẹsẹ̀ tó máa tẹ yanrìn yẹn bí ọkọ̀ mìíràn bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àga, ọ̀fẹ́ ni agbòjò, ohun tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kí ojú ti èèyàn. Wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹrù gba àga tí kò ní jókòó lé, àmọ́ ta ló ń gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò le. Gbogbo ayé ló ń rọ́ lọ sí ibi tó súnmọ́ èbúté jù. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn kiri lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé South Beach, tàbí tó fẹsẹ̀ rìn dé ìparí Chill Island, á rí àga, á rí ibòji, kò sì ní bá ọmọ ẹnikẹ́ni jà. Diákónẹ́ẹ̀sì wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iwájú ló fẹ́ kí wọ́n ti rí òun.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ, tàbí kí n ní àìsí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé etíkun ni. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wọ agbádá wọ inú omi. Síbẹ̀, ó níye ara tó yẹ kí àna ẹni rí. Olóyè kan wà láàárín àwọn tí a jọ lọ, baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Atlanta, ẹni tí àwọn ọmọdé ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún. Pátá tí olóyè wọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọ̀ ọsàn ni, ó sì fún mọ́ ọn débi pé ìyá ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n fi bàlúù gbé wá láti Abẹ́òkúta nítorí ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, dìde, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí igbó. Títí a fi jẹun ọ̀sán, ẹ̀yìn ìyá nìkan là ń rí. Nígbà tí olóyè wá béèrè pé, "Màmá, ṣé kò sí o?" ìyá dáhùn láìyíjú pé, "Kò sí, olóyè. Igi ni mò ń wò."

Ẹjọ́ olóyè kò tíì tán.

Apá kan wà ní erékùṣù náà tí wọ́n ń pè ní Hideaway Beach. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n ṣí i. Àwọn tó ti pé ọdún 18 nìkan ló lè wọ̀ ọ́, owó ìwọlé rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, DJ wà níbẹ̀ tó ń gbé orin sókè bí ẹni tí wọ́n fi adití ṣe oníbàárà rẹ̀. Olóyè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé oòrùn ti mú òun, òun ń lọ wá ibi tí òun á ti na ẹ̀yìn díẹ̀. Ibi tí orin ti ń dún ló forí lé. Ohun tí bàbá gbàgbé ni pé kò sẹ́ni tó ń fi owó ra ọtí lórí erékùṣù yẹn. Káàdì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní SeaPass ni wọ́n fi ń sanwó ohun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń tà, gbogbo ohun tí èèyàn bá sì fi rà, inú àkáǹtì rẹ̀ lórí ọkọ̀ ló ń já sí. Olóyè àti ìyàwó rẹ̀, àkáǹtì kan ni wọ́n ṣí, káàdì báńkì ìyàwó ló sì wà nídìí rẹ̀. Àǹtí kò dìde lórí àga o. Ó kàn gbé fóònù, ó ṣí áàpù ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrìn ọkọ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ìwọlé fún ẹni kan. Ọtí kan. Ọtí kan. Ọtí méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà tó dé orí ọtí méjì lẹ́ẹ̀kan náà ló tó wá bàtà rẹ̀.

Mi ò ní sọ ẹni tó bá níbẹ̀, mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwíjàre. Ohun tí gbogbo wa fojú rí ni pé nígbà tí wọ́n padà dé, olóyè ti wọ ṣòkòtò gígùn, ó ti di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn, ó sì ń bi àwọn ọmọ bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń kà mí, ẹ ṣí àkáǹtì yín lọ́tọ̀, tàbí kí ẹ kúkú jókòó ti ìyàwó yín.

Adágún mìíràn wà láàárín erékùṣù náà, Oasis Lagoon, omi tí kò níyọ̀. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó o ní gbogbo Bahamas. Inú omi gan-an ni wọ́n kọ́ ibi ọtí sí, èèyàn á jókòó sórí àga tó wà lábẹ́ omi, omi á mù ún dé ìgbáyà, á máa mu. Àwọn kan wọ ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sán, wọn ò tíì kúrò. Mo tún kọjá níbẹ̀ nígbà tí a ń múra àtilọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà, wọ́n ṣì ń mu. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò jìnnà o, ó mọ́, ó ń dán. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ pé inú òkun ni èmi ti wẹ̀.

Lórí oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n yára kọjá, torí ẹnu mi náà wà níbẹ̀. Chill Grill wà, Snack Shack wà, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú owó ọkọ̀: ẹran, ẹ̀fọ́ tútù, búrẹ́dì tí wọ́n fi adìyẹ díndín sí láàárín. Adìyẹ yẹn dùn, bí kò tilẹ̀ ta létè. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí wa yọ ata gígún jáde nínú ìgò oògùn, ó wọ́n ọn lé e, láìpẹ́ àwọn àjèjì ti tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn nìkan ló wú mi lórí lọ́jọ́ náà. Ohun tó burú ni àwọn tó ń jẹ kí wọ́n lè gba owó ọkọ̀ padà. Ọkùnrin kan gbé àwo mẹ́ta. Ó jẹ ìdajì ọ̀kan, ó ti ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún padà lọ tò. Mo bi í léèrè pé ṣé kò dùn ni. Ó ní, "Mo ti sanwó rẹ̀ ná." Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?

Lẹ́yìn oúnjẹ, owó ló kù. Ọtí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Captain Jack's tó ń ta ìyẹ́ adìyẹ, owó ni. Thrill Waterpark, níbi tí ilé gogoro kan tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 135 wà tí wọ́n ti ń yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ bọ́ sínú omi, owó ni, iye rẹ̀ sì ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́ àti láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Fèrè ńlá kan tún wà tí wọ́n fi gáàsì kún, ó ń gbé èèyàn lọ sókè tó ẹsẹ̀ bàtà 450, kí ó lè rí òkun tó ti ń wò láti àná. Owó nìyẹn náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyíkéyìí nínú wọn, kí ó ti sanwó lórí áàpù kí ó tó kúrò nílé, nítorí ó sábà máa ń wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọjọ́ bá ti súnmọ́. Ẹ mú bàtà dání nítorí yanrìn tó gbóná. Ẹ fi ìpara oòrùn pa ara yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dúdú kì í jóná.

Èyí tó wá ba ojú jẹ́ jù ni àtíbàbà. Wọ́n kọ́ wọn sí etíkun, wọ́n tún kọ́ àwọn kan sórí omi ní Coco Beach Club. Òrùlé, àga mélòó kan, yìnyín nínú ike, àti òṣìṣẹ́ kan tó ń wá béèrè pé kí lẹ tún fẹ́. Owó ọjọ́ kan ṣoṣo lè ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní sùn síbẹ̀. Tí aago mẹ́rin bá ti kọjá, ẹ ti ń kẹ́rù.

Àwọn obìnrin mẹ́fà kan nínú ẹgbẹ́ wa gba ọ̀kan. Èsúsú ni wọ́n dá kí wọ́n tó lè gbà á, ohun tó dáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún nínú wọn mú àbúrò rẹ̀ wá, àbúrò náà kò dá kọ́bọ̀. Ìjà dé. Kò sí ariwo o, ìjà àwọn tó kàwé ni, ìyẹn ni pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé, "Àbúrò, ẹ kú ìgbádùn o," wọ́n sì ń gbé àga kúrò nítòsí rẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Bahamas, òun ló ń gbé yìnyín wá fún wọn, dúró tẹ́tí. Ó gbọ́ "èsúsú" láàárín ọ̀rọ̀ wọn. Ó ní, "Asue?" Ó ní àwọn náà ń ṣe asue nílùú àwọn: ẹgbẹ́ á máa dáwó, ẹnì kan á máa kó o, bó bá kan ẹni yìí lónìí á kan ẹni yẹn lọ́la. Ó ní asue ni ìyá òun fi kọ́lé.

Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Èsúsú wa ni. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn máa ń dá ọkọ̀ àwọn tó ṣì ń kó ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n sì máa ń já àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ sílẹ̀ ní ibi tí ó bá yá, Bahamas wà lára rẹ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn tẹ abúlé dó yí ìlú Nassau ká. Ní Fox Hill, wọ́n pín ara wọn sí àdúgbò àdúgbò gẹ́gẹ́ bí ibi tí oníkálukú ti wá. Congo Town wà níbẹ̀. Nango Town náà wà níbẹ̀, àdúgbò àwọn Yorùbá, àwọn tí ará ìwọ̀ oòrùn wa lọ́hùn-ún ń pè ní Nàgó títí dòní. Àwọn tí wọ́n kó lọ láìní aṣọ lọ́rùn gbé èsúsú lọ́pọlọ, ó sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ tí ìyá yìí gbé yìnyín dúró níwájú àwọn obìnrin mẹ́fà wọ̀nyí.

Kí ni àwọn obìnrin mẹ́fà wá ṣe? Ọ̀kan ní, "Oh, nice." Ìkejì ní kí ó bá àwọn mú yìnyín sí i.

Mo fẹ́ kú. Ìbátan yín dúró níwájú yín, ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìdílé, ẹ ò bi í ní orúkọ, ẹ ò bi í ní ìlú, yìnyín lẹ rán an. Àwọn kan náà ló máa dé Atlanta, tí wọ́n á gbé àwòrán síta pé àwọn lọ kí ilẹ̀ baba ńlá ní Caribbean. Baba ńlá wo? Ọ̀dọ̀ yín náà ló ti ń gba ike tó ṣófo!

Ọ̀rọ̀ ìpadàsọ́kọ̀ kò gùn. Wọ́n ti sọ aago tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ padà, ọ̀pọ̀ ìgbà nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ni, ó sì máa ń wà nínú áàpù àti lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni àwọn kan ń sáré lórí èbúté náà nígbà tí okùn ti fẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ wá wo àwọn tó wà lókè! Wọ́n á dìde dúró sí bèbè ọkọ̀, ìgò lọ́wọ́, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa hó, bí ẹni ń wo eré ìje. Lọ́jọ́ tiwa, obìnrin kan ló ń sáré pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ti já. Kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀ lọ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Fídíò ni wọ́n ń yà.

Wàyí o, mo ní kí ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn. Ṣé ẹ rí i pé kò sí abúlé ní CocoCay, kò sí baálẹ̀? Kì í ṣe èèṣì. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1886 tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń ta àsíá orílẹ̀-èdè mìíràn kó èrò ní èbúté Amẹ́ríkà, kí ó gbé wọn yí àwọn èbúté Amẹ́ríkà po, kí ó tún já wọn sí èbúté kan náà láìyà ní ilẹ̀ òkèèrè kankan. Ilẹ̀ òkèèrè tó súnmọ́ Miami jù ni Bahamas. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wá rò ó: bí ó bá jẹ́ dandan kí á yà síbì kan, èwo ni kí èrò lọ máa náwó lọ́dọ̀ àwọn ará Nassau? Ẹ jẹ́ ká ní etíkun tiwa. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Norwegian ló kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n ra Great Stirrup Cay tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ CocoCay ní ọdún 1977. Holland America ra Little San Salvador ní ọdún 1996, mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là péré, wọ́n sì sọ ọ́ di Half Moon Cay. Carnival náwó tó 600 mílíọ̀nù dọ́là sórí Celebration Key ní Grand Bahama, wọ́n ṣí i ní oṣù Keje ọdún 2025. Ti Disney ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Gorda Cay lorúkọ Castaway Cay tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń fi bàlúù kó oògùn olóró sì ti fìgbà kan ń balẹ̀ síbẹ̀. Láti ọdún 1998 ni àwọn ọmọdé ti ń wá kí Mickey Mouse níbẹ̀, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ibi tí àwọn bàlúù yẹn ń balẹ̀ sí. Ta ló máa ń sọ ìyẹn fún àwọn ìyá wọn?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Miami ni ọ́fíìsì àgbà Royal Caribbean wà. Liberia ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wà láti ọdún 1985. Bahamas sì ni àsíá tó wà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ "Nassau" sí ìdí wọn. Òfin gbà wọ́n láyè, mi ò sọ pé wọ́n rú òfin. Àmọ́ bí ọmọkùnrin kan bá wá tọrọ ọmọ yín, tó ní Miami ni òun ń gbé, Liberia ni ìwé òun wà, Nassau sì ni òun kọ sẹ́yìn mọ́tò òun, ṣé ẹ ò ní rán èèyàn lọ wádìí ilé wọn kí ẹ tó gba iṣu?

Gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ lè ní kò burú jù. Bahamas ń gba owó orí lórí àwọn èrò, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ríṣẹ́ ṣe, àwọn kan ń rí agbọ̀n tà níbẹ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Haiti.

Labadee ni mo ń sọ. Ní àríwá Haiti ló wà, kò jìnnà sí Cap-Haïtien, Royal Caribbean kan náà ló sì ti ń yá ilẹ̀ náà lò láti ọdún 1986. Odi yí i ká, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará ìlú wà lẹ́yìn odi, àyàfi ẹni tí wọ́n bá fún níṣẹ́ tàbí tí wọ́n gbà láyè láti tajà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀ fún èrò bí etíkun ní Hispaniola, tí orúkọ Haiti kò sì hàn. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: èèyàn á wẹ̀ nínú omi Haiti, á sùn sórí yanrìn Haiti, ọmọ Haiti á gbé ọtí fún un, á padà sílé láìmọ̀ pé Haiti ni òun lọ. Ilẹ̀ tí àwọn ẹrú ti dìde ní ọdún 1791, ní àríwá yẹn gan-an, tí wọ́n jà títí wọ́n fi gba ara wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ké sí Ògún di òní olónìí, Ogou ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi orúkọ ilẹ̀ náà pamọ́ bí ẹni fi àbùkù pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pàdánù ìfẹ́ ọtí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti. Port-au-Prince wó lulẹ̀. Àwọn tó kú ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ lásán wú àwọn èèyàn jáde lábẹ́ òkúta, ọkọ̀ Independence of the Seas gúnlẹ̀ sí Labadee, èrò sì bọ́ sílẹ̀ lọ yá oòrùn. Kí n má purọ́ mọ́ wọn: ọkọ̀ náà gbé ìrẹsì, ẹ̀wà, wàrà àti omi wá fún àwọn tó wà nínú ìṣòro, ilé iṣẹ́ náà sì ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn kan wà nínú èrò tí ara wọn bù máṣọ, tí wọ́n kọ̀ láti kúrò nínú ọkọ̀. Àwọn ìyókù sọ̀kalẹ̀. Wọ́n na àga, wọ́n sun ẹran jẹ. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sin òkú láìka iye!

Nílé wa, bí òkú bá sùn ní ilé kejì, ẹ máa yí rédíò sílẹ̀. Ẹ máa pa àríyá tì, kódà bí màlúù ti wà nílẹ̀. Ẹ tilẹ̀ lè má fẹ́ràn olóògbé náà. Kò sí ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ìyẹn ní yunifásítì.

Láti ọdún 2025 ni wọ́n ti dá ìrìnàjò sí Labadee dúró nítorí rògbòdìyàn tó wà ní Haiti. Etíkun náà wà níbẹ̀, odi wà níbẹ̀, ọkọ̀ kò yà mọ́. Fàájì ń lọ ní CocoCay.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ lọ, mi ò ní kí ẹ má lọ. Omi ibẹ̀ dára ní tòótọ́, ọmọdé á gbádùn, ara á sinmi. Ẹ jókòó sórí àga kan tó tó ìdí kan. Ẹ bi ẹni tó ń gbé yìnyín wá fún yín ní orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀bùn tó ní láárí. Bí ọkọ̀ yín bá yà ní Nassau lọ́jọ́ kejì, ẹ má kàn lọ ra fìlà ní èbúté. Ẹ wọ takisí lọ sí Fox Hill, ẹ bèèrè àwọn ọmọ Nàgó. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, tó jẹ́ pé orí yanrìn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ nìkan ló ti lo ọjọ́ tirẹ̀, kí ó gbádùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má wá sọ fún mi pé òun ti dé Bahamas. Kò dé Bahamas.